Ọdún Mẹ́tàlélógún Tí Mo Fi Fọ Gíláàsì fún Oòrùn

Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ ní Kaduna pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi mí ni ohun tí mò ń tà. Kò jẹ̀bi. Bàbá mi ta aṣọ, ìyá mi ta ìlẹ̀kẹ̀, ọkọ mi ń ta táyà títí di òní. Èmi nìkan ni n kò ta nǹkan kan. Yàrá ìwádìí ni mo ti ṣiṣẹ́, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí n kò ní dárúkọ, níbi tí a ti ń wá ohun tí a lè fi sọ oòrùn di iná mànàmáná, àti ohun tí a lè fi mú kí oòrùn ya omi sí méjì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wa ní Kaduna tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà, mo ní kí n jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín ní Yorùbá, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé Hausa lẹ máa fi dá mi lóhùn.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí omi ṣe ń ya. Omi tí à ń mu yìí, gáàsì méjì ló so mọ́ra tó fi di omi. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní háídírójìn, ń jó bíi gáàsì ìdáná, kò sì ní èéfín. Bí a bá rí ohun kan tí a lè fi sínú omi, tí oòrùn á ràn sí i, tí gáàsì yẹn á sì máa hó jáde, a jẹ́ pé a lè fi oòrùn ọ̀sán se oúnjẹ alẹ́. Ó rọrùn ún sọ. Àwọn tó lówó jù wá lọ ní ilẹ̀ òkèèrè ṣì ń wá a.

N kò ní pẹ́ lórí bí wọ́n ṣe gbà mí. Mo ní ìwé ẹ̀rí póólì nínú kẹ́mísìrì, wọ́n ń wá òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí, mo kọ̀wé, wọ́n pè mí. Owó oṣù náà kò tó ohun tí ọkọ mi ń rí lórí táyà, kò sì fìgbà kan tó o. Ìlú ò tíì fara balẹ̀ nígbà náà. Wàhálà tó lé àwọn Kristẹni lọ sí apá gúúsù odò, tó sì kó àwọn Mùsùlùmí wá sí àríwá, kò tíì pẹ́ tó kọjá. Àwa wà ní Ungwan Shanu lápá àríwá, a ò kúrò.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Dókítà Làraba. Obìnrin Hausa ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo, n kò sì rí i kó rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Hajiya ni gbogbo wa ń pè é. Opó ni, ó ń gbé ní Malali nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ó sì máa ń dé ibi iṣẹ́ ṣáájú ẹni tó ń ṣí géètì.

Lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀, ó gbé ogún gíláàsì pẹlẹbẹ lé mi lọ́wọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Ó ní kí n fọ̀ wọ́n. Mo fọ̀ wọ́n bí mo ṣe ń fọ ife nílé. Ó mú ọ̀kan, ó da omi sí i lójú, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Ràbí, kí lo rí?"

"Gíláàsì tó mọ́ ni, Hajiya."

"Wo omi yẹn dáadáa. Ó dúró ní ẹ̀kán ẹ̀kán. Bí omi bá ṣù jọ báyẹn, ọ̀rá ṣì wà lójú gíláàsì. Ó gbọ́dọ̀ tẹ́ lọ lójú rẹ̀ bí aṣọ tí a tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Tún wọn fọ̀."

Mo tún wọn fọ̀ nígbà márùn-ún lọ́jọ́ náà, ó sì dá gbogbo wọn padà. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ṣe kìkì gíláàsì fífọ̀: ọṣẹ, omi gbígbóná, sípíríìtì, omi tí a gbà lára ooru omi híhó, lẹ́yìn náà kí n fi ẹ̀mú kékeré mú un létí, kí ìka mi má kàn án lójú. Nígbà tí mo bi í léèrè pé ìgbà wo ni màá ṣe iṣẹ́ gidi, kò bínú. Ó ní, "Ohun tí a máa fi pa gíláàsì yìí lójú kò nípọn tó irun orí rẹ. Ìdọ̀tí tí ojú rẹ ò rí nípọn jù ú lọ. Iṣẹ́ gidi lò ń ṣe."

Kò gba ìpara, kò gba lọ́fíńdà, kò gba kí a fi ọwọ́ tó jẹ àkàrà kan ohunkóhun. Ní ìgbéyàwó àbúrò mi, wọ́n lé làálì sí mi lọ́wọ́ dé ìgúnpá. Mo dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, Hajiya wo ọwọ́ mi, ó ní kí n máa lọ sílé títí yóò fi ṣí. Mo jáde, mo jókòó sábẹ́ igi dongoyaro, mo sunkún. Nígbà tó yá, ó jáde wá bá mi.

"Ṣé làálì yẹn ṣẹ́kù nílé yín?"

"Ó ṣẹ́kù, mà."

"Lọ bù ú wá."

A rẹ làálì náà sínú sípíríìtì, a sẹ́ ẹ, a sì ki gíláàsì kan bọ inú rẹ̀, èyí tí a ti fi ẹfun funfun tí wọ́n ń fi sínú ọ̀dà ilé pa lójú. A gbé e lọ sórí òrùlé, a fi wáyà so ó mọ́ mítà. Oòrùn ràn sí i, nọ́ńbà mítà náà sì gbéra díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì a tún fi ìsápá tí wọ́n fi ń ṣe zobo dán an wò, òun náà gbéra. Iná tó jáde kò lè tan gílóòbù tọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ara mi bù máṣọ lórí òrùlé yẹn, nítorí mo mọ̀ pé ohun tó wà lọ́wọ́ mi láti ibi ìgbéyàwó ló ń gbé nọ́ńbà yẹn. Hajiya kọ ọ́ sínú ìwé, ó fi bíìrò sílẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Máa lọ sílé báyìí, kí ọwọ́ rẹ ṣí." Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò nílé.

Òfin ìwé kíkọ rẹ̀ le ju ti gíláàsì lọ. Bíìrò ni, kì í ṣe pẹ́ńsù. A kì í ya ojú ìwé. Bí a bá ṣe àṣìṣe, ìlà kan ṣoṣo la máa fà sí i láàárín, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè ka ohun tí a kọ́kọ́ kọ. "Ẹni tó bá pa àṣìṣe rẹ̀ rẹ́," ó máa ń wí, "ẹlòmíràn ló gbẹ́ kòtò fún."

Irinṣẹ́ wa nígbà náà, ẹ̀yin ọmọ òde òní á fi rẹ́rìn-ín. Ààrò tí wọ́n fi ń sun amọ̀ la fi ń sun gíláàsì. Oòrùn orí òrùlé ni iná wa, bí kùrukùrù bá sì bò ó, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Nígbà tó yá a rí gílóòbù kan yọ lára ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n fi ń ta àwòrán sára ògiri, a sọ ọ́ di oòrùn inú ilé. Láti mú kí ohun tí a ń pa sójú gíláàsì tẹ́ dọ́gba, a gbọ́dọ̀ fi gíláàsì náà pòòyì kíákíá. Ẹ̀rọ tó ń ṣe é wọ́n bí ojú. Fáànù inú kọ̀ǹpútà tó ti kú ni mo tú, mo lẹ gíláàsì mọ́ ọn láàárín, mo so ó mọ́ bátìrì. Ọdún mẹ́fà la fi lò ó. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ pòòyì wà lára ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo rí ẹ̀rín Hajiya.

Mo sọ ti fáànù yẹn kí ẹ lè mọ̀ pé ọwọ́ mi dáa, àti pé mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ìparun ti wọlé.

Ọkùnrin kan wà tó ń ka ìwé ọ̀mọ̀wé lọ́dọ̀ Hajiya, Yòhánà lorúkọ rẹ̀. Ọmọ gúúsù Kaduna ni, ó lé díẹ̀ lógójì ọdún, ó níyàwó, ó ní ọmọbìnrin kan tó ṣì ń rá, ó sì ń gbé ní Narayi, lápá gúúsù odò lọ́dọ̀ àwọn Kristẹni. Olùkọ́ sẹ́kọ́ndírì ni tẹ́lẹ̀ kó tó padà wá kàwé. Ìpẹtà irin ló ń fi ṣiṣẹ́, ìpẹtà pupa tí gbogbo wa mọ̀ yìí. Bí a bá fi í pa gíláàsì lójú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí a ki í bọ omi tí a po sódà ọṣẹ mọ́, tí ìmọ́lẹ̀ ràn sí i, tí a sì fi bátìrì kékeré ràn án lọ́wọ́, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ya. A máa ń fi túùbù gíláàsì tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ gba háídírójìn tó ń hó. Gáàsì tó ń jáde kéré púpọ̀. Yòhánà ń wá ohun tí a lè pò mọ́ ìpẹtà náà tí yóò fi pọ̀ sí i.

Nígbà tó fi wà lẹ́nu èyí, ike tó ń gbá gíláàsì mú nínú omi náà kán. Ó yẹ kí a kọ̀wé béèrè òmíràn, kí a sì dúró. Hajiya ti lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ó ti tó oṣù kan tó ti lọ. Yòhánà ń kánjú. Mo ní, "Fi í sílẹ̀, màá ṣe ohun tí a máa lò." Mo gé pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù kan lára férémù fèrèsé tó kù síta, mo tẹ̀ ẹ́, mo fi gọ́ọ̀mù líle bò ó yíká kí omi má bàa kàn án, mo sì dè é mọ́ ẹ̀yìn, lábẹ́ ẹnu túùbù. Ó bá a mu wẹ́kú. A dán an wò láìtan iná. Kò hó rárá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kò hó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn èyí, gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Yòhánà fi ohun kan pò mọ́ ìpẹtà, ó pọ̀ sí i. Ó tún fi kún un, ó tún pọ̀ sí i. Nígbà tí Hajiya padà dé, ó ka ìwé wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní kí a tún un ṣe lójú òun. A tún un ṣe, ó rí bẹ́ẹ̀. Ó tún bi wá bóyá a ti dán an wò nínú òkùnkùn. Mo fi ojú ìwé hàn án níbi tí mo ti kọ ọ́. Ó mi orí.

Wọ́n kọ iṣẹ́ náà jáde, ìwé ìròyìn ìmọ̀ kan ní òkèèrè gbà á. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí wa. Ilé ìwádìí kan lókè òkun ní kí Yòhánà wá lo ọdún kan lọ́dọ̀ àwọn. Nílé-ẹ̀kọ́ wa, wọ́n fi ìwé Hajiya ránṣẹ́ sí àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Gbogbo wa ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni. Àwọn ọkùnrin ti lọ kírun jímọ̀, Yòhánà ti lọ jẹun, Hajiya wà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà nídìí iṣẹ́ náà nígbà tí iná lọ. Gílóòbù kú. Mo já bátìrì kúrò, mo sì na ọwọ́ láti gbé gíláàsì jáde, ni mo bá rí i pé ó ṣì ń hó. Mo dúró. Mo rò pé èyí tó kù nínú rẹ̀ ni. Mo ka ọgọ́rùn-ún, ó ń hó. Mo yọ gíláàsì onípẹtà náà kúrò pátápátá, ó ṣì ń hó. Mo wá gbé alumíníọ̀mù mi síta. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí, sódà sì ti jẹ irin náà títí ó fi fẹ́lẹ́ bíi bébà. Gáàsì tí gbogbo ayé ń kí wa fún, ara irin fèrèsé ló ti ń jáde. Oòrùn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Mo fi aṣọ ìnudọ̀tí wé e, mo fi í sínú báàgì mi, mo lọ sílé.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ìyá Sàlíù, ta ló rí ọ?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Jù ú nù. Ra ike tuntun fún wọn. Bí kò bá hó mọ́, wọ́n á ní gíláàsì ló bàjẹ́. Ṣé ìwọ lo fẹ́ fọwọ́ ara rẹ ba ayé ènìyàn méjì jẹ́?"

Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ń ro tèmi ni. Mo sì gbà á gbọ́ ju bí mo ṣe fẹ́ sọ lọ. Mo gbé irin náà pamọ́ Sátidé, mo gbé e pamọ́ Sọ́ńdè. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a, ṣùgbọ́n kì í ṣe òwe ló gbé mi dìde. Ohun tó gbé mi dìde ni pé Yòhánà fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ tún un ṣe níwájú àwọn àjèjì, pẹ̀lú ike tó dáa, níbi tí kò ti ní hó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo wọ ọ́fíìsì Hajiya, mo tú aṣọ náà sórí tábìlì rẹ̀. Mo sọ ohun gbogbo. Ó dìde, ó lọ sí yàrá ìwádìí, ó po sódà tuntun, ó ju irin náà sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó fa kọ́tìnnì, ó sì jókòó lórí àpótí ó ń wò ó bó ṣe ń hó nínú òkùnkùn. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Na gode, Ràbí," ló wí nígbà tó yá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó wá bi mí pé, "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ Ẹtì, mà."

"Ọ̀rọ̀ irin yìí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ni ín. Ó yẹ kí n ní kí ẹ tún un dán wò nínú òkùnkùn lójú mi, n kò ṣe é, ìwé ni mo kà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ìwọ nìkan lo ni ín. Má tún ṣe é mọ́."

Ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà lọ́jọ́ yẹn gan-an pé kí wọ́n yọ iṣẹ́ àwọn kúrò. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun tó jẹ́ olórí ló ni àṣìṣe náà. Kò dárúkọ mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárúkọ mi, ó ní kí n lọ fọ gíláàsì.

Ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ padà wá, wọn kò sì tún gbé e yẹ̀ wò mọ́. Dókítà ló jẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àwọn kan ń pè é ní Hajiya Onífèrèsé lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́. Ó ń kí wọn bó ṣe ń kí wọn tẹ́lẹ̀.

Àwọn ará òkè òkun kọ̀wé sí Yòhánà pé àyè yẹn kò sí mọ́. Ó kó ìwé rẹ̀ sínú páálí. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró, ó ní, "Mama Ràbí, ṣe lo ní kí n fi í sílẹ̀, pé o máa ṣe é." Ohun tó sọ nìyẹn, ó sì lọ. Ó padà sídìí iṣẹ́ olùkọ́. A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún ẹni tó ti gbé ebi rẹ̀ lé iyán ọ̀hún?

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Narayi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìlú yìí mọ ohun tó jẹ́ fún obìnrin oníhíjáàbù láti dá lọ síbẹ̀ nígbà náà. Ìyàwó rẹ̀ gbé àga fún mi, ó fún mi lómi. Yòhánà jáde, ó jókòó. Mo ní mo wá bẹ̀ ẹ́. Kò sọ nǹkan kan títí mo fi dìde. Mo tún lọ lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún dákẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, nígbà tí mo ti dé ẹnu ọ̀nà, ó bi mí léèrè látẹ̀yìn pé, "Ààrò yẹn, ṣé ó ṣì ń gbóná dáadáa?"

Mo ní ó ń gbóná.

Ó padà wá ní sáà tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ mìíràn ni Hajiya fún un: kó wá ìdí tí ìpẹtà fi máa ń rẹ̀wẹ̀sì lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Iṣẹ́ tí kò lókìkí ni. Lójoojúmọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń dán an wò nínú òkùnkùn kó tó tan iná, kó tó jẹun. Ọdún mẹ́ta ló lò lórí rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní oyè. Òun ló gba yàrá ìwádìí náà lọ́wọ́ Hajiya nígbà tó fẹ̀yìn tì.

Láyé tirẹ̀ ni irinṣẹ́ tuntun dé. A rí iná tó dà bí oòrùn gidi, a rí ẹ̀rọ tó ń pòòyì fúnra rẹ̀. Ohun tuntun kan tún dé, dúdú, òjé wà nínú rẹ̀, ó ń sọ oòrùn di iná lọ́nà tó ya gbogbo wa lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń bà á jẹ́. Níbòmíràn, inú àpótí tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwa ò ní irú àpótí bẹ́ẹ̀. Ọyẹ́ la ní. Tí ọyẹ́ Kaduna bá ti mú, tí ètè ń bẹ́, tí awọ ẹsẹ̀ ń là, a ó ṣí fèrèsé, a ó máa ṣe é lórí tábìlì lásán, yóò sì dára. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, a ó fi í sílẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn báyìí, kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi léèrè ohun tí wọ́n máa pò mọ́ ohun tí wọ́n ní. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wàhálà.

Hajiya kú ní ọdún tó ṣáájú èyí tí mo fẹ̀yìn tì. Mo wà lára àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́.

Nígbà iléyá tó kọjá, Yòhánà wá kí wa ní Ungwan Shanu pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀, èyí tó ń rá lọ́jọ́sí, tó ti di ọmọge. Ó ń wá ohun tó máa kà ní yunifásítì. Mo bu ìrẹsì àti ẹran fún wọn. Ọmọ náà jẹun díẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀, ó sì kọjú sí mi.

"Mama, gbogbo ọdún tí ẹ lò níbẹ̀ yẹn, ṣé ẹ rí i? Èyí tí ènìyàn lè gbé sílé kó fi dáná?"

Bàbá rẹ̀ gbé ojú sílẹ̀. Mo ronú lórí irọ́ kékeré tí mo lè pa fún un, irú èyí tí àgbàlagbà máa ń pa fún ọmọdé kí ọkàn rẹ̀ má bàa rẹ̀wẹ̀sì.

"Rárá," mo ní. "A ò rí i."

Ó ń fi ṣíbí da ìrẹsì inú àwo rẹ̀ síbí sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ó bi bàbá rẹ̀ pé, oṣù wo ni fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ yín ń jáde?